Má Mu Omi Tí A Fi Lé Ìyá Rẹ Síta

Kòjó, ọmọ Afí,

Nígbà tí ìwé yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, má ṣe jẹ́ kí àyà rẹ já. Kò sẹ́ni tó kú. Orúnkún òsì ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n orúnkún kì í pa àgbà. Ràímì aránṣọ, ará Ìsẹ́yìn tó ń ránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Atakpamé, ló ń bá mi kọ ọ́. Èmi ń sọ ọ́ ní èdè Ifẹ̀ tiwa ti Atakpamé níhìn-ín, òun sì ń yí i sí Yorùbá tí wọ́n kọ́ ọ nílé ìwé ìjọ. Bí o bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ kan kò yé ọ, kà á sókè, wàá gbọ́ ohùn mi nínú rẹ̀. Mo ti kìlọ̀ fún Ràímì pé kó má fi oyin sí i. Ó ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ yín yìí, ibo ni oyin fẹ́ gbà wọ̀ ọ́?" Mo ní kó kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ohun méjì ni mo gbọ́ nípa rẹ lọ́jọ́ kan náà. Wọ́n ní àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ojú irin ti gbé ọ kúrò ní Lomé wá sí ibùdókọ̀ Agbonou, pé ìwọ ni yóò máa ta ìwé ọkọ̀ níbẹ̀. Wọ́n tún ní àwọn àgbà ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa ti fẹnu kò, pé ìwọ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe olórí ẹgbẹ́ tí wọ́n ṣẹ́gun nínú ìbò yìí, kó o wá jí i dìde. Ti àkọ́kọ́ dùn mọ́ mi nínú. Ti èkejì ló mú èmi tí n kò fi ìwé ránṣẹ́ rí láyé mi wá jókòó síwájú ẹ̀rọ ìránṣọ.

Lomé lo wà nígbà tí wọ́n ṣẹ́gun wa. Ohun tí wọ́n sọ fún ọ ni pé àwọn ará etíkun fi ọgbọ́n àrékérekè gba ìbò, pé àwọn àgbẹ̀ Kàbìyẹ̀ tó tẹ̀dó sí Datcha dalẹ̀ wa, pé àlejò kì í ṣe ẹni à á fọkàn tán. Èmi náà gbọ́ ọ, mo sì dákẹ́ bí ẹni pé òótọ́ ni. Irọ́ ni. Àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn wà pẹ̀lú wa. Àwa la lé wọn. Ẹnu mi yìí la fi lé wọn. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́ fún ọmọ tí mo bí, ṣùgbọ́n bí n kò bá sọ ọ́, wàá gba ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú àrùn tó pa á.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, kó lè yé ọ. Kọmandán Faransé ní òun fẹ́ kí ẹnì kan máa bá agbègbè wa sọ̀rọ̀ nínú ìgbìmọ̀ òun, pé kí àwọn olórí ilé fi ìbò yan ẹni náà. Ẹgbẹ́ méjì ló dìde. Ti àwọn akọ̀wé àti oníṣòwò tó ti etíkun wá, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ẹ̀yà Ewé, jẹ́ ọ̀kan. Tiwa ni ti àwọn àgbẹ̀. Ohun méjì la ń bèèrè: kí wọ́n má ṣe máa kó wa lọ ṣiṣẹ́ ọ̀nà ní àsìkò tí à ń kọ ebè, kí wọ́n má sì gba owó orí lọ́wọ́ ẹni tí oko rẹ̀ bá jóná. Wo ọ̀rọ̀ méjèèjì yẹn dáadáa, ọmọ mi. Èwo nínú wọn ni Kàbìyẹ̀ kò fẹ́? Èwo ni àgbẹ̀ Ewé kò fẹ́? Gbogbo ẹni tó ní ọkọ́ lọ́wọ́ ló jẹ́ tiwa kí ẹgbẹ́ tó ní orúkọ. Iṣẹ́ ńlá ni kí ènìyàn pàdánù irú àwọn bẹ́ẹ̀. A ṣe iṣẹ́ náà.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kó o dì mú ni ti ẹrù. Kí ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ tó dé, èmi ni wọ́n yàn láti pín iṣẹ́ ọ̀nà tó lọ sí Datcha fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ilẹ̀ ti rọ̀, mo pín in fún àwọn ará wa. Òkè olókùúta, mo pín in fún àwọn Kàbìyẹ̀ tí ìjọba kó wá láti òkè ọ̀hún wá tẹ̀dó síbẹ̀. Ṣálà, olórí wọn, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ wà nínú àáró, wá bá mi nílé.

Ó ní, "Bàbá Kòjó, òkè yẹn, ṣé ìwọ lo dá a?"

Mo ní, "Èmi kọ́."

Ó ní, "Kí ló dé tó o wá ń fi ta mí lọ́rẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Bí a ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Bó bá wá kọ ebè lóko mi, ebè rẹ̀ máa ń ga dé àyà mi, á wá wo tèmi, á ní, "Ta ni ewúrẹ́ rẹ̀ yàgbẹ́ síbí?" Nítorí náà mo rò pé ẹ̀rín ni ẹ̀rín. Ó lọ fọ́ òkúta. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò rẹ̀ kán lẹ́sẹ̀ níbẹ̀. N kò lọ kí i, nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá lọ, wọn yóò wò mí.

Gbọ́, Kòjó. Ẹni tó bá ń pín ẹrù fún ènìyàn, kó kọ́kọ́ gbé èyí tó wúwo jù sí iwájú ilé ara rẹ̀. Bí o bá ṣe bẹ́ẹ̀, o kò nílò láti bẹ ẹnikẹ́ni pé kó wá sí ẹgbẹ́ rẹ.

Èkejì ni ohun tí mo ń sá fún láti òwúrọ̀. Ràímì ti mu omi lẹ́ẹ̀mejì, ó ń dúró dè mí.

O mọ̀ pé nínú ìdílé wa, èmi ni mo ń bu erùpẹ̀ ìdí igi àwọn bàbá wa sínú igbá, tí mo ń bu omi lé e, tí àwọn tó fẹ́ mulẹ̀ á mu ún. Bàbá mi ló fi lé mi lọ́wọ́. Nígbà ogun ni wọ́n ń ṣe é, tàbí bí àwọn ọdẹ bá fẹ́ wọ igbó tí ẹnì kan ò lè dá wọ̀. Àwọn tó bá jọ mu ún kò gbọdọ̀ da ara wọn. Ọmọ ilẹ̀ nìkan ló sì ń mu ún, ẹni tí wọ́n ri ìwọ́ rẹ̀ síhìn-ín.

Nígbà tí ìbò kù díẹ̀, Bàbá Ìdówú tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ wa nígbà náà ní ọkàn òun kò balẹ̀. Ó ní, "A kò mọ ẹni tó ń jẹ lọ́dọ̀ wa tó tún ń jẹ lọ́hùn-ún. Ẹ jẹ́ ká mulẹ̀." Kò sí ẹni tó mulẹ̀ nítorí ìbò rí. Ó yẹ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n inú mi dùn. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti wá igbá náà wá sọ́dọ̀ mi. Àwọn ọ̀dọ́ ti ń wò mí bí àgbà tí iṣẹ́ rẹ̀ ti tán. Mo fọ igbá. Ìgbéraga ni, mo mọ orúkọ rẹ̀ báyìí.

Lọ́jọ́ náà gbogbo wọn ló wá. Ṣálà wá pẹ̀lú àwọn olórí ilé Kàbìyẹ̀, wọ́n ru iṣu wá fún ìpàdé. Ràímì wá pẹ̀lú àwọn ará sóńgò, àdúgbò àwọn Mùsùlùmí àlejò. Àwọn àgbẹ̀ Ewé wá láti Agbonou, àbúrò ìyá rẹ wà nínú wọn. Ìyá rẹ ti ń se ẹ̀wà láti ìdájí, bó ṣe ń ṣe ní gbogbo ìpàdé wa. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá, mo ní, "Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ ilẹ̀, kó bọ́ síta."

Ràímì béèrè pé, "Bàbá, èmi náà ńkọ́? Yorùbá ṣáà ni mí."

Ẹnì kan láti inú pariwo, "Yorùbá ọ̀nà jíjìn! Lọ mulẹ̀ ní Ìsẹ́yìn!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ràímì jáde pẹ̀lú bàtà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní kí n sọ fún ọ pé kì í ṣe pé òun sá, pé òun kò kàn ráyè wọ̀ ọ́ ni. Ó dáa.

Ṣálà kò bínú ní kíá. Ó ní, "A ó dúró síta. Ẹ bá wa bu tiwa wá."

Bàbá Ìdówú ní, "Omi yìí kì í jáde."

Ṣálà ní, "Ìbò tiwa ló wá lè wọlé?"

Bí mo bá ti da omi yẹn nù níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìbá tán. Ṣùgbọ́n ìgbà yẹn gan-an ni ìyá rẹ gbé ìkòkò ẹ̀wà wọ àgbàlá. Bàbá Ìdówú kò wò ó, èmi ló wò. Ó ní, "Afí náà ńkọ́?" Gbogbo ojú wá sọ́dọ̀ mi.

Mo ní, "Afí, jáde."

Ó rò pé eré ni mò ń ṣe. Ó ní, "Kí n jáde lọ síbo?"

Mo ní, "Ìwọ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀. Jáde."

Ìyá rẹ ní, "Ọmọ márùn-ún ni mo bí síhìn-ín. Mẹ́rin wà nínú ilẹ̀ náà, ìwọ lo gbẹ́ ilẹ̀ wọn. Ta ló tún fẹ́ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ jù mí lọ?"

Kòjó, ìwọ nìkan ló kù fún wa nínú márùn-ún, o mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́. Mo gbọ́ ọ, ó wọ̀ mí lára. Mo sì dáhùn pé, "Má dójú tì mí láàárín ènìyàn." Ohun tí mo sọ nìyẹn. Ojú tèmi ni mo ń rò.

Kò sunkún. Ó gbé ìkòkò ẹ̀wà rẹ̀ padà sórí, ó jáde lọ bá àwọn tó wà níta. Wọ́n jẹ ẹ̀wà náà lábẹ́ igi máńgòrò. Àwa tí a mulẹ̀, ebi pa wá dé alẹ́. Ràímì ní epo rẹ̀ dára púpọ̀. Kí Ọlọ́run rẹ̀ bá mi dárí jì í, ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń kọ ọ́.

Nígbà tí ọjọ́ ìbò dé, wọ́n ní kí olórí ilé kọ̀ọ̀kan lọ dúró sẹ́yìn ẹni tó bá fẹ́. Àwọn tí a lé síta dúró sẹ́yìn ẹni etíkun. Wọn kò pariwo, wọn kò fi wá ṣẹ̀sín. Wọ́n kàn dúró síbi tí wọ́n ti gbà wọ́n láàyè. Ìlà tiwa kúrú. A lọ sílé, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé wọ́n dà wá.

Ìmọ̀ràn mi nípa èyí kò gùn. Ohun tí o bá ń bèèrè fún gbogbo ènìyàn, má fi ohun tó jẹ́ ti ìdílé kan ṣoṣo dè é. Igbá náà dára fún ìdílé. N kò sọ pé kó o kẹ́gàn rẹ̀. Àwọn bàbá wa kì í ṣe òmùgọ̀. Èmi ni mo gbé e lọ síbi tí kò yẹ kó dé.

Ẹ̀kẹta, nípa ìbínú ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun. Lẹ́yìn ìbò, a fi òfin de ara wa pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá Kàbìyẹ̀ ṣe àáró mọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé aṣọ lọ fún Ràímì. Mo pa òfin náà mọ́. Ọdún yẹn èmi nìkan ni mo kọ ebè mi, àwọn ebè kúkúrú tí ewúrẹ́ yà, òjò sì dé kí n tó ṣe ìdajì. Àwọn tí aṣọ wọn ya rìn kiri nínú àkísà. Ta la fìyà jẹ? À ń gbàdúrà pé kí ẹni tó wọlé ṣìṣe, bí ẹni pé bó bá ṣìṣe, iṣu wa á dàgbà.

Ó sì ṣìṣe nítòótọ́. Kò rántí iṣẹ́ ọ̀nà, kò rántí ẹni tí oko rẹ̀ jóná. Àsìkò ebè ni wọ́n ṣì ń kó ènìyàn, Ṣálà sì ṣì ń fọ́ òkúta lórí òkè tí mo fún un. Àwọn àgbà wa gbọ́, wọ́n ń pàtẹ́wọ́: "Ẹ jẹ́ kó jẹ wọ́n níyà!" Wọn kò rí i pé àwọn tí wọ́n fi ń ṣẹ̀sín yìí ti di ẹni tí kò sí lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kankan. Àwọn ni ọjọ́ iwájú ẹgbẹ́ rẹ, bó bá ní ọjọ́ iwájú. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àgbà ni ẹgbẹ́ yìí, ó sì kọ̀ láti wẹ̀yìn.

Má lọ bá wọn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ dídùn. Ọ̀rọ̀ dídùn ni wọ́n ti gbọ́ jù. Lọ béèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́ lọ́wọ́ wọn, kó o sì jẹ́ kí wọ́n sọ ohun tí ìwọ kò fẹ́ gbọ́. Bí Kàbìyẹ̀ bá máa wà nínú ẹgbẹ́, kí Kàbìyẹ̀ jókòó níbi tí wọ́n ti ń dájọ́, kì í ṣe níbi tí wọ́n ti ń sun iṣu fún àwọn adájọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ewé, bẹ́ẹ̀ náà ni sóńgò.

Ó tún ku ọ̀kan. Ìyá rẹ kò bá mi jà lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Ó ń se oúnjẹ, ó ń gbálẹ̀. Ṣùgbọ́n "Bàbá Kòjó" ló máa ń pè mí tẹ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà, "Ọmọ ilẹ̀" ló ń pè mí. "Ọmọ ilẹ̀, oúnjẹ ti tutù." "Ọmọ ilẹ̀, àlejò ń bẹ níta." Ó ń sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kí ènìyàn. Mo ń dúró dè é pé kó rẹ̀ ẹ́. Kò rẹ̀ ẹ́. Nígbà ọyẹ́, ikọ́ dé, ikọ́ náà sì pa á. Ikọ́ ló pa á, n kò purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ó lọ láì gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan láti ẹnu mi. Ìgbà tí mo jókòó tì í lórí ẹní, mo ń sọ̀rọ̀ òjò, mo ń sọ̀rọ̀ òwú tí a kò tíì ká. Mo ti sin bàbá, mo sin ìyá, mo sin ọmọ mẹ́rin, ojú mi ti gbẹ. Mo rò pé ẹni tí ojú rẹ̀ bá ti gbẹ ti di akin. Bí o bá ṣẹ aya rẹ, bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ ìwọ lo jàre nínú ìdajì rẹ̀.

Nísinsìnyí, gbọ́ ohun tó ń bẹ nílẹ̀.

Ní ọjà tó kọjá, Bàbá Ìdówú àti àwọn tó kù wá sílé mi. Wọ́n yìn ọ́. Wọ́n ní o gbọ́ Faransé, o gbọ́ Ewé, àwọn èrò ọkọ̀ á mọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà Bàbá Ìdówú wúkọ́, ó ní, "Ṣùgbọ́n yóò mulẹ̀ kí ó tó jókòó. Ìwọ ni wàá bu ún fún un."

Mo ní, "Kí ló dé?"

Ó ní, "Ìdajì rẹ̀ kì í ṣe tiwa. A fẹ́ kí ó mu ún níwájú gbogbo ènìyàn, kí wọ́n lè mọ̀ pé ó ti já ìdajì yẹn sílẹ̀."

"Bí kò bá mu ún ńkọ́?"

"A ó mú ẹlòmíràn."

Mo ní kí wọ́n fún mi láyè ronú. Wọ́n rò pé mo ń ronú bí àgbà. Mo lọ sí Datcha ní ọjọ́ kejì, pẹ̀lú orúnkún mi. Mo bá Ṣálà lóko. Mo sọ fún un pé mo wá bẹ̀ ẹ́. Ó ń kọ ebè lọ, kò dúró. Nígbà tó pẹ́, ó ní, "O pẹ́."

Mo ní, "Mo mọ̀."

Ó ní, "Afí ni ò bá kọ́kọ́ bẹ̀." Mo ní mo mọ ìyẹn náà. Ó kọ ebè méjì sí i, ó wá ní, "Ọmọ rẹ yẹn, ṣé ó mọ ebè kọ?"

Mo ní, "Kò mọ̀ ọ́n kọ. Ìwé ọkọ̀ ló ń tà."

Ó ní, "Kó wá. Ká rí ọwọ́ rẹ̀ ná." Ìyẹn nìkan ló sọ. Kò sọ pé òun dárí jì mí. N kò sì béèrè.

Láti ibẹ̀ mo lọ sílé Bàbá Ìdówú. Mo sọ fún un níwájú àwọn ọmọ rẹ̀ pé n kò ní bu omi fún ọ, àti pé ìwọ náà kò ní mu ún. Ó bínú. Ó ní èmi ti fi ẹgbẹ́ du ọmọ mi, pé arákùnrin mi, tí òun náà lẹ́tọ̀ọ́ sí igbá bàbá wa, á bu ún fún ẹlòmíràn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá gba orúkọ ẹgbẹ́ lọ, jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọ̀nà àti owó orí kò sí nínú igbá. Ẹni tó bá gbé e dání ni ẹgbẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ ènìyàn mẹ́ta lábẹ́ igi.

Mo mọ̀ pé mo ti fi ẹnu rẹ sọ̀rọ̀ láì béèrè lọ́wọ́ rẹ. Ó lè wù ọ́ láti jẹ́ olórí. Ọmọ ọkùnrin ni ọ́, o tó ẹni tó ń dá ìpinnu ara rẹ̀ ṣe. Bí o bá fẹ́ mu omi náà, arákùnrin mi wà níbẹ̀, igbá wà níbẹ̀, n kò ní gé ọ kúrò lọ́mọ. Ṣùgbọ́n kó o mọ ohun tí wọ́n ń ní kó o ṣe. Wọ́n ń ní kó o dúró sí ẹnu ọ̀nà yẹn, kó o sọ fún obìnrin tó bí ọ pé kó bọ́ síta. Ẹnì kan ti sọ ọ́ fún un rí. Kò yẹ kó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì, ní inú ilẹ̀ tó wà yìí, láti ẹnu ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún un.

Mo kí aya rẹ, mo kí àwọn ará ilé rẹ. Ọwọ́ Ràímì ti rẹ̀, kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, ọkọ Afí.